Kí Àwọn Obìnrin Wa Má Ṣe Gbẹ́yìn Nínú Ìwádìí Ìmọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn tí ó péjọ sí iyàrá ìkàwé kan ní ẹ̀bá Adó-Èkìtì sọ)



Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ìmọ̀ rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ a máa pawọ́ pọ̀ wá ìdí ọ̀ràn kan, nítorí ohun tí ẹnì kan mọ̀, ẹlòmíràn lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ wo iṣẹ́ gààrí níhìn-ín: àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wádìí ọ̀ràn ẹ̀gẹ́ tí kò bi wọ́n léèrè, ààbọ̀ ìmọ̀ ni yóò kó lọ.

A bí Grace Alele-Williams ní Warri ní ọdún 1932. Ọmọ Itsekiri ni, ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye ní Nàìjíríà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ. Ní ọdún 1963 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1975, ó bá àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Áfíríkà àti ti òkèèrè jókòó ní Mombasa, ní Cape Coast àti níbòmíràn, wọ́n ń kọ ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní ọdún 1985 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò náà ní Nàìjíríà. Ó kú ní ọdún 2022.

Láti ọdún 1982 ni yunifásítì ti wà ní Adó-Èkìtì, àwọn ọmọbìnrin wa sì ń gboyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìpè bá dé láti òkèèrè pé kí ọ̀kan nínú wọn wá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí, ó lè ní ọmọ lẹ́yìn, ìwé ìpè náà kò sì ní dúró dè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bá a gbé ọmọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe ka ìrìnàjò ìmọ̀ sí àfojúdi. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọbìnrin bá mọ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́. Nígbà náà, bí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé bá péjọ lórí ọ̀ràn tí ó kàn wá, ọmọbìnrin Èkìtì yóò wà lára àwọn tí ń wádìí, kì yóò jẹ́ ẹni tí a ń wádìí nìkan.