Omi Tó Ń Dín Nínú Àpótí Ẹja Òkun

Bí ẹ bá ń sin ẹja òkun nínú àpótí onígíláàsì nílé, omi rẹ̀ á máa dín lójoojúmọ́. Omi nìkan ló ń gbẹ o, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Bí omi bá ṣe ń dín ni iyọ̀ ń le sí i, ara á sì ni ẹja. Omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí i.

Ẹ má lo omi ẹ̀rọ lásán: bàbà lè wà nínú rẹ̀, bàbà sì ń pa edé tó bá wà pẹ̀lú ẹja. Omi tí a sẹ́ dáadáa ni kí ẹ lò.

Kí ẹ má baà máa fọwọ́ bu omi sí i lójoojúmọ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kí ẹ ki pọ́ǹpù kékeré bọ̀ ọ́, kí ẹ sì na rọ́bà rẹ̀ sí àpótí. Suwíìṣì kan á máa léfòó nínú àpótí: bí omi bá fà, á tan pọ́ǹpù; bó bá kún padà, á pa á.

Suwíìṣì lè há o! Ẹ fi èkejì ṣọ́ ọ. Ẹ má sì lo kẹ́ẹ̀gì ńlá, kí omi má baà ya bo ilé. Ẹnu rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lókè omi àpótí, kí omi iyọ̀ má baà fà padà sínú kẹ́ẹ̀gì.