ÀGBÉLÉBÙÚ TÍ WỌ́N FI IRIN ṢE

   

Àgbélébùú kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ti Kalfari o! Irin ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀. Friedrich Wilhelm Kẹta, ọba Prussia nílẹ̀ Jámánì, ló dá a sílẹ̀ ní 1813, nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jà. Owó ti tán nílùú. Àwọn obìnrin ń bọ́ òrùka wúrà fún ìjọba, wọ́n ń fi ti irin rọ́pò fún wọn. Irin yẹn náà ni ọba fi ṣe àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá ṣe akin lójú ogun ló ni ín, ìbáà ṣe ọmọ àgbẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọba. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí kò dáa?

Wọ́n tún gbé e dìde ní 1870, ní 1914 àti ní 1939. Nínú ogun 1914 sí 1918, Richard Stern gba tirẹ̀. Júù ni. Nígbà tí ogun parí, ó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí ní Cologne. Nígbà tó di April 1, 1933, ìjọba Hitler ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà lọ́wọ́ Júù mọ́. Wọ́n fi ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan síwájú ṣọ́ọ̀bù Stern. Kí ni Stern ṣe? Ó fi irin náà sáyà, ó jáde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lé oníbàárà rẹ̀! Fọ́tò rẹ̀ wà títí dòní.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Hitler fúnra rẹ̀ ń gbé àgbélébùú irin kiri láyà. Ta ló dábàá pé kí wọ́n fún un ní ti ipò kìíní lọ́dún 1918? Hugo Gutmann, ọ̀gá sójà tó jẹ́ Júù! Gutmann náà sá fún un, ó dé Amẹ́ríkà ní 1940.

Ìwọ tó o to àmì ẹ̀yẹ kún pálọ̀, ta ló fún ọ? Ṣé kò lè gbàgbé ọ lọ́la? Àwọn Júù mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé irin yẹn, wọn ò sá. Láti 1942, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Theresienstadt, wọ́n tibẹ̀ kó púpọ̀ lọ sí Auschwitz. (Ìjọ dákẹ́.)

Stern sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1939. Ó ti lé lógójì ọdún nígbà tó tún wọṣẹ́ sójà níbẹ̀. Ní Ítálì, ní 1944, ó lọ bá àwọn sójà Jámánì níwájú, ó fi èdè ìyá rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi túúbá. Amẹ́ríkà fún un ní Ìràwọ̀ Fàdákà.