Ẹ̀rọ Tí Ń Mọ Ohun Abẹ́ Ilẹ̀, Àti Ọwọ́ Tí Ń Gbé E
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni. Bí mo bá parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Méjì nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin awakọ̀ ti mọ ìbátan èkínní. Bí ẹ bá di ẹrù ru lọ́rì, sípíríǹgì rẹ̀ a wọlẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe wọlẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gíráfímítà rí. Ẹrù kékeré kan ni wọ́n so mọ́ sípíríǹgì nínú àpótí. Ẹrù yìí kì í yí padà. Agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á ni ó ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Níbi tí àpáta wíwúwo bá wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ a fà á sí i díẹ̀. Níbi tí ohun fífúyẹ́ bí iyọ̀ bá wà, a dẹ̀ díẹ̀. Ní 1924, irú ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí Eötvös ará Hungary ṣe ni wọ́n fi rí òkìtì iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Nash, ní Texas ní Amẹ́ríkà, epo sì wà níbẹ̀. Ní 1932, Lucien LaCoste, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Texas, rí ọgbọ́n sípíríǹgì tuntun. Bí a bá pín agbára ilẹ̀ sí ọ̀nà 100,000,000, ẹ̀rọ tí ó ti inú ọgbọ́n yìí jáde lè mọ̀ bí ẹyọ kan bá dín.

Èkejì ni mágínẹ́tómítà. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ bí mágínẹ́ẹ̀tì ti ń ṣa ẹ̀rún irin jọ. Ilẹ̀ ayé pàápàá jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ńlá. Òun ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tẹ̀ lé. Àpáta tí ó ní irin nínú, bí ti Itakpe nítòsí Okene, a máa yí agbára yìí padà níbi tí ó bá wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfurufú gbé irú ẹ̀rọ yìí láti fi wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ń wá ohun inú ilẹ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ tiwa wà? Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ti rí nínú igbó. Ẹni tí ó gbé mágínẹ́tómítà kò gbọdọ̀ ní ọ̀bẹ tàbí bẹ́líìtì onírin lára. Ẹni tí ń fi àdá la ọ̀nà níwájú gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, ẹ̀rọ yóò ka ọ̀bẹ àpò mọ́ irin abẹ́ ilẹ̀.

Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé kì í sì í dúró lójú kan láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ìhà tiwa, ọ̀sán gangan ni ó máa ń ru jù, nítorí iná mànàmáná tí ń ṣàn lókè ní nǹkan bí kìlómítà 100. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onwumechili, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ kejì lójú kan, kí ó máa kọ iye àti àkókò sílẹ̀.

Ti gíráfímítà le jù bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá gòkè ní mítà 3 péré, agbára ilẹ̀ a dín ní nǹkan bíi mílígálì 1, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń wá kò ju mílígálì 1 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di ọ̀pá mú fún wíwọn gíga ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lébírà, òun ni ẹ̀rí gbogbo ẹ̀rọ olówó iyebíye náà rọ̀ mọ́. Bí ó bá gbé ọ̀pá sí ibi tí kò yẹ, irọ́ ni ẹ̀rọ yóò pa.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ tuntun bá dé ibi iṣẹ́, wọ́n a ní ẹ̀rọ ni ó mọ iṣẹ́, ọwọ́ kò ní láárí mọ́. Ẹ má gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá nìyí: ta ni a ó kọ́ ní bí a ti ń ka ẹ̀rọ yìí? Ṣé owó iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ yóò sì pọ̀ sí i? Ẹni tí kò mọ ìdí tí òun fi di ọ̀pá mú kò lè dì í mú dáadáa. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lébírà mọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ wa má bàjẹ́ o.