A Kì í Fi Gbèsè Sọ́rùn Ṣọ̀ṣọ́: Ọ̀rọ̀ Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Níbi Ìpàdé Wa

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó sọ̀rọ̀. Ọmọ yunifásítì ṣì ni mí, mi ò wá kọ́ àgbà lọ́gbọ́n. Ohun tó ń jẹ àwa ọ̀dọ́ lára ni mo fẹ́ sọ: àṣehàn, àti gbèsè tó ń tẹ̀lé e.

Àwọn baba wa ní a kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́. Wọ́n rí i kí wọ́n tó sọ ọ́. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ńlá, bóyá láti fi sìnkú tàbí láti fi gbọ́ bùkátà míì, lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ibi tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé lásán ni. Ó lè ro oko olówó títí ọdún máa fi gorí ọdún, iye tí wọ́n yá ò ní yẹ̀. Àwọn àgbà jẹun níbi ìnáwó, ọmọdé ló ń fi ẹ̀yìn san án.

Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ káàkiri, wọ́n ń tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó síwájú onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi! Ibẹ̀ la ti rí orúkọ Òṣómàáló. Gbogbo àdúgbò á wá mọ̀ pé aṣọ tí lágbájá fi jó lọ́jọ́ ọdún, kò tíì san owó rẹ̀.

Òṣómàáló òde òní, inú fóònù ló wà. Ká ní ẹ yá ₦40,000 lórí áàpù torí aṣọ ẹbí. Wọ́n lè kọ́kọ́ yọ ₦6,000 èlé, kí ₦34,000 dé ọwọ́ yín, kí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ dá ₦40,000 padà lọ́sẹ̀ méjì. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ díẹ̀, àwọn kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín: olùkọ́ yín, pásítọ̀ tàbí ààfáà yín, àna yín. Àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022, Google náà sì fòfin dè é ní 2023 pé kí áàpù ayánilówó má wo nọ́ńbà àwọn èèyàn mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin ò lè bá wa yá owó tí kò yẹ ká yá.

Owó tí à ń ná lójú agbo náà ńkọ́? Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá fọ́n náírà tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà torí ẹ̀. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó sínú àpòòwé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ má bínú sí mi. Fọ́tò tẹ́ ẹ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò là ń rí. A kì í rí iṣẹ́ òru, a kì í rí owó ilé tó ń gbé yín mì. Ọmọ tó ń wo fọ́tò yẹn nílé ló ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó ta ilẹ̀ kóun lè wá bá yín. Ẹ sọ òótọ́ fún un, kó tó di pé ilẹ̀ lọ.

Mi ò ní ká má ṣe ayẹyẹ o. Aṣọ ẹbí dára, ìfẹ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n tá a bá ń fi ìrẹsì du ẹni tí kò rà á, ṣé ìfẹ́ náà nìyẹn? Àwa la ń ti ara wa sínú gbèsè. Ẹni tó sọ pé "agbára mi ò gbé e lọ́dún yìí", akin ni.

Èyí tó kàn wá jù lọ ni òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Níbi láúńṣìn tó kọjá, a gba makirofóònù, a dárúkọ owó ńlá ńlá, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, onílù kì wá. Títí di òní, èyí tó pọ̀ nínú owó náà, ẹnu ló ṣì wà. Káfíńtà ò lè fi àtẹ́wọ́ ra páànù. Tá a bá sì fi owó ẹnu kan òrùlé, òjò á fi wá hàn, orí àwọn ọmọ wa ló sì máa rọ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ bẹ ilé ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí aṣọ ẹbí ọjọ́ ìlú má jẹ́ dandan. Kí ẹni tó ní tàná wọ tàná. Èkejì, kí a má ka iye owó sórí makirofóònù mọ́. Kí akápò ka orúkọ àwọn tó ti san lásán, ₦2,000 ni o, ₦200,000 ni o. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ti ṣèlérí tí kò rí i san pe akápò ní kọ̀rọ̀, kó sọ iye tágbára rẹ̀ gbé. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. ₦5,000 tó dé ọwọ́ ń ra ìṣó. ₦500,000 orí ahọ́n ò ra nǹkan kan.

Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni iyì ń gbé.

Ìlú wa á máa tẹ̀ síwájú o.