Ká Tó Da Kọnkéré Síwájú Ilé: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Níbi Ìpàdé

Ọ̀rọ̀ gọ́tà iwájú ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ilé tuntun ń pọ̀ sí i ní Òde-Ayé, inú wa sì ń dùn. Àmọ́ tí a bá kọ́lé tán, a ó da kọnkéré láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn kí mọ́tò lè ríbi gbà wọlé. Ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀, a ti dí i lẹ́nu nìyẹn. Níbo lomi fẹ́ gbà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọ̀nà mọ́tò yín gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 3. Tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀, lítà omi 1,500 ló bọ́ sórí ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ọgọ́ta gbáko, a ò tíì ka ti òrùlé! Gbogbo ẹ̀ á lọ gbá ìpìlẹ̀ aládùúgbò, tàbí kó máa gbẹ́ ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ wa sì jẹ́ oníyanrìn, àgbàrá tètè ń wọ́ ọ lọ.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ ní kí bíríkìlà jẹ́ kí kọnkéré dà kúrò lára ilé, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kó la gọ́tà kọjá níwájú géètì, kó fi irin alásẹ́ tó ṣeé ṣí bò ó, ká lè máa kó ìdọ̀tí inú ẹ̀. Tí kò bá sí gọ́tà àdúgbò tó máa gba omi náà, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ kó òkúta kún un, kó jìnnà tó mítà 5 sí ìpìlẹ̀, kó sì jìnnà dáadáa sí kànga. Ẹni tówó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀ lè da kọnkéré síbi tí táyà ń gbà nìkan, kó fi koríko sílẹ̀ láàárín.

Ẹ má sì da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Ẹ rántí omíyalé Ògùnpa n'Íbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ìdọ̀tí wà lára ohun tó dí odò náà lọ́nà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ará wa l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun tẹ́ ẹ ń fowó ilé ránṣẹ́, tí bíríkìlà bá kọ iye owó wá, tí ẹ ò rí gọ́tà níbẹ̀, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó sanwó. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Òde-Ayé á máa gbèrú.