Zotero: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Àpilẹ̀kọ Yín Mọ Ara Wọn

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹnikẹ́ni tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, ì báà jẹ́ oyè àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé.

Ẹ ti kó àpilẹ̀kọ 60 jọ. Ẹ tò wọ́n sí fódà, ó mọ́ tónítóní. Alábòójútó yín wá béèrè pé, "Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ta ló ń dá ta lóhùn?" Ẹnu wọhò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń padà sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, torí pé àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú kì í ṣe àtòjọ orúkọ. Àríyànjiyàn tó wà láàárín wọn ni wọ́n fẹ́ kà.

Zotero lè bá yín ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà ló ti jáde ní 2006. Orí kọ̀ǹpútà yín ló ń kó nǹkan sí, nítorí náà ẹ lè ṣí ohun tó wà níbẹ̀ láìsí dátà. Tí ẹ bá fẹ́ kí fáìlì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, 300 MB ni wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí wọ́n pè ní Collection níbẹ̀ jọ fódà, àmọ́ kì í ṣe fódà. Àpilẹ̀kọ kan lè wà nínú Collection mẹ́ta, síbẹ̀ ẹyọ kan náà ni. Ó dà bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú: ilé méjèèjì ló ti jẹ́ ọmọ, a kò sì là á sí méjì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo ibi tó wà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá di bọ́tìnnì Ctrl mú. Option ni lórí Mac. Àwọn Collection náà á yọ àwọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀pọ̀ kì í dé: Related. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé ìwé The Invention of Women jáde. Wọ́n ní kí òyìnbó tó dé, ta ni àgbà, ta ni àbúrò ni Yorùbá fi ń to àwùjọ, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ní 2004, nínú ìwé kan tí CODESRIA tẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Bibi Bakare-Yusuf fèsì: pé èdè wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kò fi hàn pé ìgbésí ayé wa náà kò yà á. Nínú àtòjọ, B jìnnà sí O. Ta ni yóò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń bára wọn fà á?

Ẹ tẹ ti Oyěwùmí, ẹ wo apá ọ̀tún, ẹ wá Related, ẹ tẹ àmì àròpọ̀, kí ẹ mú ti Bakare-Yusuf. Ó parí. Ibi yòówù kí ẹ gbà wọlé, ẹ ó rí ìkejì.

Àmọ́ Related kò ní sọ ohun tó dà wọ́n pọ̀. Ẹ kọ Note kan sábẹ́ èyí tó fèsì, gbólóhùn méjì péré: kí ló gbà, kí ló kọ̀? Tó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kọ orí náà, àwọn gbólóhùn yẹn ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ wa o. Ibì kan á kọ Oyěwùmí, ibòmíràn á kọ Oyewumi, ìwé kan náà á sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yẹ Duplicate Items wò, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ kí ẹ tó so wọ́n mọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ má wulẹ̀ so gbogbo 60 pọ̀. Àwọn tó bára wọn sọ̀rọ̀ gan-an ni kí ẹ so. Ẹ mú méjì lálẹ́ òní, kí ẹ fi dán an wò. Ó dìgbà kan ná o.