Ẹni Tí Ó Ti Dín Ìsanra Kù, Kí Ó Má Sanra Padà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka wa ní Sókótó

 

Ọ̀rọ̀ ara ni a gbé wá síwájú yín lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni dókítà ti sọ fún pé kí a dín ìsanra wa kù, yálà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí nítorí àtọ̀gbẹ, tàbí nítorí orúnkún tí kò fẹ́ gbé wa mọ́. Àwọn kan gbọ́, wọ́n sì ṣe é. Wọ́n dín òkèlè alẹ́ kù, wọ́n fi mínírà sílẹ̀, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí tóbi mọ́ wọn lára, ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún kejì tàbí ọdún kẹta, púpọ̀ nínú wọn ti padà sí bí wọ́n ti wà, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Èyí yìí, a jìyà fún un, síbẹ̀ kò tọ́jọ́. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn, nítorí ó kan gbogbo wa tí a jókòó síhìn-ín, àti ẹni tí ó sanra àti ẹni tí kò sanra.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ara kò fẹ́ kí a mú nǹkan kúrò nínú ìpamọ́ rẹ̀. Ọ̀rá ara dàbí àká àgbàdo. Bí a bá ń bù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tí ó ni àká yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2011, àwọn dókítà kan ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún ènìyàn 50 tí ó sanra jù ní oúnjẹ kékeré gan-an fún ọ̀sẹ̀ 10, ìwọ̀n àwọn ènìyàn náà sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí kílò 13. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa ènìyàn ṣì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tí ó ń sọ pé a ti yó sì dín kù. Àwọn ènìyàn náà fúnra wọn sọ pé ebi ń pa wọ́n ju bí ó ti ń pa wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ.

Èkejì, ara tí ó ti fúyẹ́ kì í lo oúnjẹ tó ara tí ó wúwo, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kì í jẹ epo tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà ní New York tilẹ̀ fi hàn ní ọdún 1995 pé ara ẹni tí ó bá dín kù a máa ṣọ́ oúnjẹ ná ju bí ìwọ̀n rẹ̀ tuntun ti béèrè lọ. Nítorí náà, bí ó bá padà sí àwo oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́, àwo náà ti pọ̀ jù fún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìsanra ṣe ń padà wá. Kílò kan ní oṣù yìí, kílò kan ní oṣù tí ń bọ̀, títí ṣòkòtò kò fi ní wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáradára. Ẹni tí ó ti dín kù tí ebi sì ń pa kì í ṣe alájẹkì, ẹni tí ó sì sanra padà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ni ó ń bá a jà. Ìjà tí ẹnìkan sì ń dá jà lójoojúmọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni, yóò rẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan ń béèrè nípa abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní semaglutide. Lóòótọ́ ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tí wọ́n dá a dúró gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ti dín kù padà láàrin ọdún kan. Ọwọ́ dókítà nìkan ni ó yẹ kí a ti gbà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa ni pé bí a ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru láìsí ọjọ́ tí a ó wí pé ó parí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara. Dídín in kù ní ọjọ́ tí ó ń parí. Dídi ohun tí a dín kù mú kò ní.

Wàyí o, bí ara bá ń bá ènìyàn jà, ta ni yóò ràn án lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa. Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú àwọn ìbejì, wà lára àwọn ibi tí àwọn dókítà ti ṣe ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn dúdú wò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Jàmáíkà, St. Lucia àti Barbados, àti ní Maywood lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni baba ńlá gbogbo wọn ti wá. Nínú àgbàlagbà 100, àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 ní Áfíríkà, wọ́n jẹ́ 26 ní àwọn erékùṣù, wọ́n sì jẹ́ 33 ní Maywood. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé ibì kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìsanra ń pọ̀ sí i. Orírun kan náà ni wọ́n ní. Ibi tí wọ́n ń gbé ni ó yàtọ̀.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ó wà nínú ìkòkò àti àwọn tí a jọ ń jẹun lágbára ju ìpinnu ọkàn lọ. Àwa náà ti ṣí kúrò ní ibì kan wá sí ibòmíràn. Oko ni àwọn baba ńlá wa ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìsọ̀ ni a ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ Maruwa ni ó sì ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé. Láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, ooru Sókótó máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Òùngbẹ a gbẹ wá, mínírà tútù ni a ó ké sí. Ìgò kan tí ó jẹ́ 50cl lè ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 50, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin fún àgbàlagbà ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá mu méjì nínú ọ̀sán ti kọjá òpin kí ó tó débi oúnjẹ alẹ́.

Kì í sì í ṣe oúnjẹ àwọn onílé tí ó gbà wá lálejò ni ó ń pa wá lára. Túwó ọkà bàbà pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, tí àwọn ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin mọ̀ sí lúrú, dára. Ẹ̀wà dára. Ewé zogale dára. Fúrà pẹ̀lú wàrà dára, bí a kò bá da ṣúgà kún inú rẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń bù ni kí a wò, àti òróró, àti ṣúgà, àti ẹran súyà alẹ́ tí a jẹ lẹ́yìn oúnjẹ bí ẹni pé kì í ṣe oúnjẹ.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju mínírà lọ, ẹnu wa sì ni. Nílẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá ti Òkè Ọya dé tí ara rẹ̀ tóbi, a ó ní, "Àjò gbè é." Bí ó bá fọn, ariwo yóò sọ. "Ó ti rù o! Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ọjà kò tà ni?" Ìyá rẹ̀ yóò pè é sí ìyẹ̀wù, yóò sì bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ìyàwó rẹ kì í fún ọ lóúnjẹ ni?" Ìyàwó tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bá padà dé Sókótó, yóò máa fi ẹran kún ẹran, òkèlè kún òkèlè, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ìkà. Báyìí ni ọkùnrin tí dókítà ti gbà lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ ṣe ń padà sínú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ìfẹ́ ni gbogbo ilé fi tì í síbẹ̀. Àwọn obìnrin wa pẹ̀lú ń rí i. Obìnrin tí ó fọn ni a ń wí pé ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú.

A kò wí pé kí a má béèrè àlàáfíà ara wa. Ẹni tí ó bá ń rù láìṣe pé ó ń gbìyànjú rẹ̀ lè ní àìsàn lára, ó sì yẹ kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń bi ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe lójú agbo.

Ìrètí ha wà bí? Ó wà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000 tí ó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń pe apá kan wọn sí ìpàdé, wọ́n ń gbà wọ́n níyànjú lórí oúnjẹ àti ìrìn. Apá kejì kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 8, ìdajì àwọn tí a ń pè sí ìpàdé ṣì di ìdá kan nínú ogún ìwọ̀n wọn mú, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú apá kejì, nǹkan bí 36 nínú 100 ni. Ìdá kan nínú ogún lè dàbí ohun kékeré, àní kí ẹni tí ó wọn kílò 100 di 95, ṣùgbọ́n ó tó láti ran ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ láti ọdún 1994, tí ó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n dín kílò 13 ó lé kù tí wọ́n sì dì í mú fún ọdún kan ó kéré tán. Ohun tí àwọn wọ̀nyí sọ nípa ara wọn jọra: púpọ̀ jùlọ nínú wọn ń jẹun òwúrọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń wọn ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, wọ́n sì ń rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún nǹkan bí wákàtí kan lóòjọ́.

Nítorí náà, a mú àbá márùn-ún wá síwájú ẹ̀ka wa.

Èkíní, kí a dẹ́kun fífi ara ènìyàn kí i. Kí a kí ilé, kí a kí ọmọ, kí a kí iṣẹ́. Kí a fi "o ti rù" àti "o ti sanra" sílẹ̀.

Èkejì, kí omi tútù ṣáájú ní ìpàdé wa, kí mọ́ínmọ́ín àti èso sì rọ́pò apá kan nínú dídín àti mínírà. Ẹni tí ó bá wí pé òun ti yó, kí a gbà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó bá sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka ra òṣùwọ̀n kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò wọn ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀. Bí ó bá fi kílò méjì kọjá ibi tí ó ti pinnu láti dúró, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni kí ó tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, kí ó má dúró dìgbà tí yóò fi di mẹ́wàá. Ẹni tí kò fẹ́ òṣùwọ̀n, ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa ti dé Sókótó ná, ṣòkòtò náà sì wà nídìí wa. Bí ìbàdí rẹ̀ bá ti ń há, ó ti sọ̀rọ̀. Téèpù aránṣọ náà lè sọ ọ́: kí ọkùnrin ṣọ́ra bí ìbàdí rẹ̀ bá kọjá sẹ̀ńtímítà 94, kí obìnrin ṣọ́ra bí tirẹ̀ bá kọjá 80.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn aládùúgbò máa rìn pọ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ìrìn nìkan kì í sábà mú ìsanra lọ, ṣùgbọ́n ó ń ran ẹni tí ó ti dín kù lọ́wọ́ láti dúró.

Ẹ̀karùn-ún, kí ọkọ, ìyàwó àti ọmọ jọ jẹ oúnjẹ kan náà. Ẹni tí a bá dá ìkòkò tirẹ̀ sè kò ní pẹ́ padà sí ìkòkò ilé. Kí a sì sọ fún àwọn ará ilé kí a tó lọ sí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, pé àṣẹ dókítà ni, pé ìyàwó kò jẹ̀bi.

Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó jẹ́ kí dókítà mọ̀ bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, nítorí oògùn tí ó tọ́ sí ara ńlá lè pọ̀ jù fún ara tí ó fúyẹ́. Aboyún kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹgbẹ́ yìí mọ bí a ti ń gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ lọ sílé, ó sì mọ bí a ti ń dá owó fún opó. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a ran ara wa lọ́wọ́ nígbà tí a ṣì lè jọ jókòó báyìí. Ẹni tí ó bá ti dín kù láàrin wa, kí ó má dá ìjà rẹ̀ jà mọ́.